Ọ̀pẹ Pobè: ẹ mọ ìyá, ẹ mọ bàbá kí ẹ tó gbìn ín

Ní Towé àti káàkiri agbègbè Pobè àti Sakété, ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọmọ ọ̀pẹ lẹ́bàá títì, ẹ béèrè: ta ni ìyá rẹ̀, ta sì ni bàbá rẹ̀?

Ẹni tó ń gbin ìrèké, igi rẹ̀ ló ń gé rì sílẹ̀. Èyí tó bá hù yóò jọ èyí tó gé. Ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Irúgbìn la fi ń gbìn ín, ohun tí ìyá àti bàbá bá fún un ló ń mú wá.

Oríṣi ọ̀pẹ mẹ́ta ló wà. Dura ní èèpo ekùrọ́ tó nípọn, epo rẹ̀ kò sì pọ̀. Pisifera kò ní èèpo ekùrọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í so dáadáa. Bí a bá fi òdòdó akọ pisifera sí òdòdó abo dura, gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́ tenera: èèpo fẹ́lẹ́, epo púpọ̀. Beirnaert àti Vanderweyen ló ṣàlàyé èyí ní Kóńgò ní 1941.

Iṣẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922, ń ṣe. Wọ́n ń fi àpò bo òdòdó abo kí kòkòrò má baà gbé ti ọ̀pẹ mìíràn wá sí i. Ọ̀pẹ Deli, tó ṣẹ̀ wá láti ara igi mẹ́rin tí wọ́n gbìn ní Bogor, ní Indonéṣíà, ní 1848, ń so ìdì ńlá, ṣùgbọ́n wọn kì í pọ̀. Ti La Mé, ní Côte d'Ivoire, ń so ìdì kéékèèké tó pọ̀. Nígbà tí wọ́n pa wọ́n pọ̀, ọmọ wọn so ju ti ìyá àti ti bàbá lọ.

Àwọn kan ń ṣa ẹyìn lábẹ́ ọ̀pẹ tenera tó so dáadáa, wọ́n sì ń gbìn ín. Bí tenera bá gba tenera, nínú igi 100, bíi 25 yóò jẹ́ dura, bíi 25 yóò jẹ́ pisifera, 50 péré ni yóò jọ òbí wọn. Ewé ọmọ ọ̀pẹ kò sì lè fi hàn yín èyí tó jẹ́. Ó di ìgbà tó bá so, lẹ́yìn ọdún 3 tàbí 4 tí ẹ ti ro oko, kí ẹ tó mọ̀. Ọ̀pẹ a sì máa wà lóko ju ọdún 20 lọ.

Ẹyìn àgbẹ̀ wa, ọ̀pẹ tó pọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ tó dára fún gbígbìn. Ẹ ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹni tó lè fi ìwé ibi tó ti wá hàn yín.