Lábẹ́ Igi Máńgòrò ní Ìdáàṣà, 504 Kan Ń Gba Ẹ̀mí Padà

Oòrùn ò tíì ga nígbà tí mo wọ àgbàlá náà ní Dassa-Zoumè ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Igbó Ìdáàṣà, ṣùgbọ́n àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ti ń mú ooru jáde. Òkè 41 ni wọ́n ní ó yí ìlú náà ká. Ariwo ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Parakou àti ti àwọn zémíjàn, ọ̀kadà ibẹ̀, ń bú wọlé láti títì. Nínú àgbàlá, òórùn bẹntiróòlù àti gírísì ló gba imú kan. Peugeot 504 funfun kan, oríṣi gígùn tó ń kó èrò ìrìn àjò, wà lábẹ́ igi máńgòrò. Kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò ní ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún wà nílẹ̀ lórí táyà àlòkù, wọ́n ti tú u ká. Ọ̀gá mẹkáníìkì tẹ́ páálí sílẹ̀, ó to bóòtù sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ọ̀kan má baà ṣi ilé rẹ̀. Ọmọṣẹ́ méjì jókòó ti abọ́ ńlá, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti kpayo, epo inú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì, fọ irin. Ọwọ́ wọn ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Bàbá tó ni ọkọ̀ yìí ní ibẹ̀ ni tòun ti wá. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, 1,971 cc lápapọ̀.

Ọ̀gá fi igi gbá ìdí ọ̀kan nínú àwọn ihò tí písítìnnì ti ń rìn, láti ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yọ sí i lọ́wọ́. Páìpù irin kúkúrú ni, ṣẹmíìsì ni wọ́n ń pè é níbí, omi ló sì máa ń yí i ká nínú bulọ́ọ̀kù. Bó bá jẹ, kò di dandan kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin; wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ti tuntun bọ̀ ọ́. Mẹ́rin tuntun ti dé láti Kútọnu pẹ̀lú písítìnnì wọn.

Ó ti ríìngì písítìnnì kan wọnú ṣẹmíìsì, ó ki irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín bọ àlàfo ẹnu rẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Ó mú òmíràn. Nígbà tí ṣẹmíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó tán, ó fi ìka ra orí wọn: ó yẹ kí wọ́n yọrí díẹ̀ ju bulọ́ọ̀kù lọ, kí kúláàsì tó ń dé e lórí lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

"Bí kò bá yọrí," ó ní, "omi á wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì á funfun bí ògì."

Ìkẹta lọlẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó tún un tì.

Lọ́sàn-án, sípánà tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn ń jó ni lọ́wọ́. Wọ́n de kúláàsì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ẹ̀ka ń ké, ọkùnrin mẹ́rin sì rọra darí rẹ̀ wọnú ọkọ̀, níbi tó ti máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí kì í dúró ṣánṣán.

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ọ̀gá yí dẹlíkò, tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, díẹ̀.

"Ẹ tún un yí, Bàbá."

Ẹ́ńjìnnì gbà. Èéfín búlúù bo àgbàlá, ó ta wá nímú, àwọn adìẹ sá, ariwo ẹ́ńjìnnì kọlu àpáta ó sì padà wá bá wa. Iná pupa ọ́ìlì kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ni ọ̀gá ti ń wò.

"Ẹ rọra lò ó fún 1,000 kìlómítà," ó wí. "Ẹ má kó ẹrù wúwo, ẹ má fi sáré gun òkè."

Bàbá nawọ́ sí òkìtì iṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti àárọ̀. "Ọjà ọ̀la ńkọ́?"

"Ìdajì ni kẹ́ ẹ kó."

Bàbá ò fèsì. Ó pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun ka iṣu.