Ẹni Tó Bá Wa Jẹ Àsè

Olùkàwé mi ọ̀wọ́n, ẹ ka Jòhánù orí kejì, kí ẹ sì ka orí kẹrin tẹ̀lé e. Ní Kánà ni Jésù ti bá wọn jókòó níbi ìgbéyàwó. Kánà kan náà ni ó wà nígbà tí ìjòyè kan sáré wá bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń kú lọ. Ìlú tí Olúwa ti jẹ àsè, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwòsàn ti jáde.

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò kò ti àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà mọ́lé ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Àárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ni ó fi wọ́n sí pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ìwòsàn di ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀yin ará Magboro, bí nọ́ọ̀sì bá gbé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru wá síbi ìkórè ìjọ tàbí ìpàdé àwọn onílé, ẹ má ṣe wí pé, "Ara mi le." Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Alàgbà kan nínú ìjọ mi fi ẹ̀rín kọ àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Kí ọdún tó yí po, apá rẹ̀ ọ̀tún ti rọ. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ máa bá wa débi ìsọmọlórúkọ. Ojú ẹni tí a ti bá jẹun kì í bani lẹ́rù lóru àìsàn.

Kí Olúwa fún wa ní etí ìgbọ́. Àmín.