Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Kí Ẹ Tó Sanwó Íntánẹ́ẹ̀tì fún Iṣẹ́ Yín

Ọ̀rọ̀ tòní ti ná mi lówó rí. Mi ò fẹ́ kó ná ẹ̀yin náà.

Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ fídíò fún mi, ó ní aago méjìlá ọ̀sán ni kí fáìlì ti dé. Mo parí ní aago mẹ́wàá. Fáìlì náà jẹ́ 4 GB, ilé-iṣẹ́ tí mo ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn sì ti ní 50 Mbps làwọn ń fún mi. Mo fi í sórí upload, mo lọ jẹun. Nígbà tí aago méjìlá fi lù, kò tíì dé ìdajì. Oníbàárà yẹn ò pè mí mọ́ títí dòní.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, "Ọ̀gá mi, 50 tí ẹ rí yẹn, ti download ni. Ti upload, 2 ni."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. b kékeré inú Mbps kì í ṣe B ńlá inú GB. 8 b kékeré ló máa para pọ̀ di B ńlá kan. Torí náà, lórí upload 2 Mbps, 4 GB máa gbà tó wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Lórí 20 Mbps, kò ní pé ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: èló ni upload? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń fi fídíò ránṣẹ́, tàbí ẹ̀ ń ṣe ìpàdé lórí Zoom, òun gan-an lẹ̀ ń rà.

Ìbéèrè kejì: wákàtí mélòó ló lè lọ lóṣù? Wọ́n á ní "99%". Ó dùn létí, àbí? Oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ ní wákàtí 720. 1% tó kù yẹn jẹ́ wákàtí méje àti ìṣẹ́jú méjìlá. Bó bá jẹ́ 99.9%, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa dá padà bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ ti gbọ́ èsì nìyẹn.

Ìbéèrè kẹta, aládùúgbò ni kí ẹ bi: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe máa ń rí láago mẹ́jọ alẹ́?" Mast kan náà ni gbogbo àdúgbò jọ ń lò. Ohun tó ń sáré láàárọ̀ lè máa rákò lálẹ́.

Ìbéèrè kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: bí èyí bá já, kí ló kù? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Ní Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì dákú, ìṣòro dé bá àwọn báńkì. Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò já. Bí ẹ bá ní SIM méjì, tí àwọn méjèèjì sì gba okùn kan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ ní. Bákan náà ni fáíbà méjì tó gba inú kòtò kan náà: ìgbà kan péré ni katapílà máa walẹ̀, àwọn méjèèjì á lọ.

Ohun témi ń ṣe báyìí ni pé fáíbà ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo sì ní MiFi nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì nílẹ̀. Mo ra bátìrì kékeré fún router, torí bí wọ́n bá mú iná lọ, fáíbà tó dáa jù pàápàá ò wúlò. Lóṣooṣù, mo máa ń yọ wáyà fáíbà fún wákàtí kan, kí n lè mọ̀ bóyá èkejì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Kí ẹ tó sanwó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ béèrè ti upload. Títí di ìgbà míì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò ní já o.