Àwọ̀ Ọkọ̀ Àlòkù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Kọ́kọ́ Wò Lábẹ́ Ọ̀dà

Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ ti Píjò 504 ní Kàdúná. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ méjèèjì fi di ohun tí ojú mọ̀ dáadáa, láti Òṣogbo títí dé Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá. Lónìí, a kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn mọ́; Ìjàpá tí ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní oṣù Keje ọdún 2003. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ọ̀kan tí ara rẹ̀ ṣì pé, wíwá ni yóò máa wá a kiri. Bí ó bá sì rí i tán, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ó sábà máa ń gba iwájú lẹ́nu olùrà.

Bí a bá fi méjì han olùrà, tí ọ̀kan pupa fòò tí ó ń dán, tí èkejì sì jẹ́ funfun tí ó ti ṣá, ojú kì í pẹ́ yan pupa. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lè bo irin tí ó ti dógùn-ún mọ́lẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ a máa fi àtè lílẹ̀ dí ojú ihò, wọn a fi yanrìn ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀, wọn a sì kun ún. Láàárín òjò méjì, ara ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wú bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára.

Ohun tí ń tú àṣírí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Kí olùrà mú òòfà kékeré, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ agbóhùn rédíò àtijọ́, kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, kí ó sì máa fi kan ara ọkọ̀ káàkiri, ní pàtàkì ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti òkè táyà. Òòfà kì í mú ibi tí àtè bá ti nípọn. Lẹ́yìn èyí, kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó ká ohun tí a tẹ́ sínú búùtù sókè, kí ó sì wo etí ilẹ̀kùn láti inú, nítorí oníṣẹ́ tí ń kánjú kì í kun ibẹ̀. Bí àwọ̀ ìyeyè bá yọjú níbẹ̀ lára ọkọ̀ tí ó ti Èkó wá, ó ṣeé ṣe kí ó ti ṣe takisí rí, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti rìn ju bí ẹni tí ń tà á ti wí lọ. Ti Ìjàpá tún yàtọ̀: abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó sì máa ń jẹrà.

Nítorí náà, ọkọ̀ funfun tí ó ti ṣá yẹn lè jẹ́ olóòótọ́ jù. Ọ̀dà àtijọ́ tí ó dà bí ẹfun lójú ṣì lè dán padà bí a bá fi ìpara nù ún. Ṣùgbọ́n èyí tí awọ dídán orí rẹ̀ ti ń bó, àtúnkùn nìkan ni ó kù fún un.

Bí ara méjèèjì bá wá dọ́gba, àwọ̀ di ohun tí a lè yàn. Funfun máa ń dá oòrùn padà, dúdú a sì máa gbé e mì; ẹni tí ó bá páàkì sí ojú ọjà ní ọ̀sán yóò mọ ìyàtọ̀. Pupa a máa tètè ṣá. Àwọ̀ eérú kì í jẹ́ kí eruku ọ̀nà wa hàn púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dán bí fàdákà ṣòro láti bá mu bí a bá fẹ́ tún ojú kan ṣoṣo kùn. Ní ọdún 2007, ìwádìí Yunifásítì Monash ní ilẹ̀ Australia fi hàn pé ọkọ̀ dúdú a máa bá jàǹbá pàdé ju ọkọ̀ funfun lọ. Ford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ fún olùrà Model T ní àwọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí dúdú láti ọdún 1914 sí 1925. Iye owó àti agbára ọ̀dà ni ó wò, kì í ṣe ooru.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Àwọ̀ wà nínú ohun tí a kọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáàsì. Nínú èdè wa, aṣọ tí a rẹ láró, dúdú ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, àwọ̀ aró àti dúdú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá sọ pé ọkọ̀ òun dúdú, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lè dúró pẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà Ìkìrun. Kí ó mú ọkọ̀ náà dání kí wọ́n fi ojú rí i. Bí a bá sì pa àwọ̀ dà, kí a fi tó wọn létí kí ọkọ̀ tó tún rìn.

Ẹni tí yóò tún un kùn, kí ó yẹra fún ọjọ́ òjò, nítorí ọ̀rinrin a máa sọ ọ̀dà di fífunfun bí omi ògì. Ọyẹ́ pẹ̀lú ní eruku tirẹ̀. Ilé tí ó ní ògiri ni kí oníṣẹ́ ti ṣe é. Kí ó wo nọ́ńbà àwọ̀ lára irin pẹlẹbẹ tí ilé-iṣẹ́ kàn mọ́ ọkọ̀, kí ó fi ra ọ̀dà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, kí ó gbà á nínú agolo tí a dé pinpin, kí ó kọ nọ́ńbà náà sí i lára, nítorí òun ni a ó fi pa ojú àpá rẹ́ lọ́jọ́ mìíràn.