Bí a ṣe ń mú kóòdù rìn lójú síláìdì

Bí ẹ bá gbé ọgbọ̀n ìlà kóòdù sójú síláìdì kan ṣoṣo, ojú ọmọ kíláàsì á ti dé ìsàlẹ̀ kẹ́nu yín tó kúrò ní ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi dé ibi tọ́rọ̀ wà gan-an, wọn ò mọ ibi tẹ́ ẹ wà mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kóòdù náà ò yàtọ̀.

Irinṣẹ́ tá a máa lò ni reveal.js, tí Hakim El Hattab kọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú ìwé HTML ni síláìdì rẹ̀, bùráúsà ló ń ṣí i. Bí fódà rẹ̀ bá ti wà lórí flash yín, ẹ lè kọ́ni láìsí dátà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tó ń ro owó pọ̀:

def aropo(owo):
    apapo = 0
    for e in owo:
        apapo = apapo + e
    return apapo

Ọ̀nà kìíní: ká tánná sí ìlà

<pre><code data-trim data-line-numbers="1|2|3-4|5">

Ìlà òòró yẹn, |, ló ń ya ìgbésẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bẹ́ ẹ bá ti dé síláìdì náà, ìlà 1 nìkan ló máa mọ́lẹ̀, àwọn yòókù á ṣá. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ó kan ìlà 2. Ẹ tún un tẹ̀, ó kan 3 àti 4. Ẹ rí i pé RevealHighlight wà nínú Reveal.initialize, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà kejì: kí kóòdù fúnra rẹ̀ yí padà

Èyí dé pẹ̀lú ẹ̀dà 4.0 lọ́dún 2020. Ẹ ṣe síláìdì méjì tó tẹ̀ léra, kí méjèèjì ní ìkọ yìí:

<section data-auto-animate>
<pre data-id="isiro"><code data-trim data-line-numbers>

Orúkọ tó wà nínú data-id gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nínú méjèèjì. Nínú síláìdì kejì, ẹ fi ìlà yìí sáàárín ìlà 3 àti 4:

        if e is None: continue

Bẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì báyìí, ìlà méjì ìsàlẹ̀ á rọra sún kúrò, tuntun á sì yọ lókè wọn. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọmọ ti rí ohun tó yí padà àti ibi tó wọlé sí.

Ọ̀rọ̀ inú ìlà ni reveal.js fi ń dá ìlà mọ̀. Bẹ́ ẹ bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, ìlà mìíràn ló kà á sí, kò ní rìn, ńṣe ló máa yọ bí àlejò. Torí náà, ẹ má ṣe pààrọ̀ apapo sí lapapo láàárín síláìdì méjì torí pé ó wù yín. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ wọn nìkan ni kẹ́ ẹ yí padà, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yìn kíláàsì ńkọ́? Ẹ fi ?print-pdf kún àdírẹ́sì síláìdì yín, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ bí ìwé láti inú Chrome. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á ní ojú ewé tiẹ̀, ẹni tí ò ráyè wá náà á lè tọ ipasẹ̀ yín.