Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ẹgbẹ́ oyún: ọ̀rẹ́ láàárín àwọn obìnrin tó ń di ìyá lẹ́yìn ogójì ọdún

Obìnrin tó bá lóyún lẹ́yìn ogójì ọdún máa ń ní ẹgbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀: àwọn tí wọ́n jọ ka ìwé mẹ́wàá, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń dá aṣọ òde. Ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wọ yunifásítì, àwọn mìíràn sì ti ń pọn ọmọọmọ. Èkejì ni ẹgbẹ́ oyún: àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ ìtọ́jú aláboyún, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí mọ̀ ọ́n dénú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èébì òwúrọ̀ àti ìledìí ti tán lẹ́nu wọn. Ẹgbẹ́ oyún ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i ni, wọn kò lè bá a tàkúrọ̀sọ bí ojúgbà. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, ó sì wà ní àwọn ìlú etí omi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside. Ọ̀rẹ́ tó bá rí láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì jẹ́ ara ìtọ́jú tó ń rí gbà, àwọn onímọ̀ ìlera sì ti ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́.

Àbíkẹ́yìn ti wà tipẹ́, àkọ́bí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Láyé àtijọ́, kì í ṣe ìròyìn pé obìnrin bímọ ní ọmọ ọdún 42. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni, àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà á sì bá a gbé e. Ohun tó sábà máa ń fòpin sí ọmọ bíbí rẹ̀ ni ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin náà bá ti bímọ. John Caldwell àti Pat Caldwell, tọkọtaya onímọ̀ nípa iye ènìyàn láti Ọsirélíà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé obìnrin tó bá ti di ìyá àgbà a máa dẹ́kun ọmọ bíbí, nítorí pé ohun ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ máa fọ́mọ lọ́mú lásìkò kan náà.

Èyí tó yàtọ̀ báyìí ni àkọ́bí lẹ́yìn ogójì. Ìwé kíkà wà lára ohun tó fà á. Ní 1982 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì tún un sọ ní Olabisi Onabanjo University ní 2001. Àgọ́-Ìwòyè ni olú ilé rẹ̀ wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin agbègbè náà rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga nítòsí ilé. Ẹni tó bá gboyè àkọ́kọ́, tó sin ìlú, tó wáṣẹ́, tó tún padà lọ gboyè kejì, lè ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa kó tó wọlé ọkọ. Àwọn mìíràn tètè ṣègbéyàwó, ṣùgbọ́n oyún ń bàjẹ́, tàbí kókó inú ilé ọmọ tí wọ́n ń pè ní fibroid kò jẹ́ kó dúró, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkọ gan-an ni ìṣòro wà. Àwọn kan sì wà tí ọkọ wọn kú tàbí tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n wá ń bímọ fún ọkọ kejì nígbà tí àkọ́bí wọn ti di géńdé.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ yìí tún le díẹ̀ sí i, nítorí pé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń to ènìyàn. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọdún ìbí wọn súnmọ́ra, ni tọkùnrin tobìnrin fi ń jáde níwájú Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wà lórí oyè láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù Keje 2025, ló sọ ètò náà jí. Ẹgbẹ́ báyìí ń dá aṣọ pọ̀, wọ́n ń náwó fún ara wọn, wọ́n sì jọ ń dé ìpele kan náà láyé. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń múra ìgbéyàwó ọmọ, ẹni tó ń múra ìkómọ ti yà sọ́tọ̀ díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe nínú ara

Gbogbo ẹyin tí obìnrin máa lò láyé ni wọ́n bí mọ́ ọn. Wọ́n máa ń tó mílíọ̀nù kan sí méjì nígbà ìbí. Tó bá fi máa bàlágà, nǹkan bí 300,000 sí 400,000 ló máa ṣẹ́kù. Bí iye wọn ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kù ń gbó. Nínú 100 obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n sì ń wá ọmọ, 20 sí 25 ló lè lóyún lóṣù kan. Tó bá di ogójì ọdún, nǹkan bí 5 ni. Ewu kí ọmọ ní Down syndrome, tó jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 1,250 fún ìyá ọmọ ọdún 25, máa ń di nǹkan bí 1 nínú 100 ní ogójì. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá oyún wá, oyún bíbàjẹ́ àti bíbí pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ náà ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá tó ti lé ní ogójì, tí wọ́n bá rí ìtọ́jú gidi, ń bí ọmọ tí ara rẹ̀ dá pé.

Oyún ìbejì náà wà níbẹ̀. Dókítà Patrick Nylander, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, fi hàn pé ìbí ìbejì lé ní 40 nínú 1,000 láàárín àwọn Yorùbá, èyí tó wà lára àwọn tó pọ̀ jù lágbàáyé. Ara ìyá tó ń súnmọ́ ogójì ń tú èròjà tó ń mú ẹyin gbó jáde ju ti ọ̀dọ́ lọ, ẹyin méjì sì lè bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Oyún ìbejì ń fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn tí oyún kò tètè dúró lára wọn máa ń gba ọ̀nà IVF, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹyin àti àtọ̀ pàdé nínú yàrá àyẹ̀wò. Louise Brown, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 1978, ni ọmọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LUTH ní Èkó ni iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti so èso ní 1989. Owó rẹ̀ ṣì ga ju apá ọ̀pọ̀ ìdílé lọ.

Ohun kan tún máa ń rú àwọn obìnrin lójú. Lẹ́yìn ogójì, nǹkan oṣù lè máa ṣe ségesège nítorí pé ó ti ń múra àtidúró. Ẹni tí tirẹ̀ kò wá fún oṣù méjì lè gbà pé ó ti tán nìyẹn, kó sì jẹ́ oyún ni. Ọ̀rẹ́ tó bá sọ fún un pé kó lọ yẹ ìtọ̀ wò ti gba oṣù púpọ̀ sílẹ̀ fún un, torí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ń fẹ́ kí wọ́n tètè rí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wáyé

Ìtàkúrọ̀sọ àwọn obìnrin kì í sábà ní ìpàdé tirẹ̀, ìdí iṣẹ́ ló ń gbé. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wà nídìí ẹ̀gẹ́ bíbó àti gàrí yíyan. Ní Ìwopin àti àwọn ìlú etí omi mìíràn, ó wà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ó wà ní ìsọ̀ onídìrí àti ṣọ́ọ̀bù tó yí yunifásítì ká. Àsàlátù àárọ̀ ọjọ́ Àìkú àti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ náà ní tiwọn. Ọjọ́ ìtọ́jú aláboyún ló kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: orin àti àtẹ́wọ́ ní kùtùkùtù, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n ara, ìtọ̀ nínú ìgò, lẹ́yìn náà ìdúró gígùn tí àwọn obìnrin fi ń mọ ara wọn.

Wọn kì í tètè sọ oyún. Obìnrin Yorùbá a máa mú un mọ́ra títí yóò fi hàn, ẹni tó sì ti ń wojú Ọlọ́run láti ọdún mẹ́wàá ń pa á mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì péré ló ń mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju ẹsẹ̀ tó wú, oorun tí kò wá, ìyá ọkọ, àti àyẹ̀wò tí dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ẹni ogójì nìkan. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bímọ ní ọmọ ọdún 43 yóò pé ọgọ́ta nígbà tí ọmọ náà bá pé 17, gẹ́lẹ́ nígbà tí owó yunifásítì bá dé. Ìyá tó yẹ kó wá wẹ ọmọ, kó sì fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ, lè ti lé ní àádọ́rin ọdún tàbí kó ti di olóògbé. Èyí tó ṣòro jù láti sọ ni àárẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ilé ti gbààwẹ̀ lé lórí dé, ọpẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń retí lẹ́nu ìyá. Bó bá ní ó rẹ òun, tàbí pé ẹkún ń gbọ̀n òun lóru, wọ́n á ní aláìmoore ni. Ojúgbà tó ti la irú rẹ̀ kọjá ló lè gbọ́ ọ láìbínú.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, nǹkan bí 10 nínú 100 aláboyún lágbàáyé àti 13 nínú 100 ìyá ọlọ́mọ tuntun ló ń ní ìdààmú ọkàn, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì tó le. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, iye náà súnmọ́ 16 àti 20. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019 fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí wọ́n bá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lè tọ́jú rẹ̀.

Ní 2016, Àjọ náà ní kí aláboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera nígbà mẹ́jọ ó kéré tán, ó sì fi ìtọ́jú ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́ kún ohun tí wọ́n lè ṣe. Nínú ètò yìí, àwọn tí oyún wọn jọ dọ́gba ń pàdé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan náà, wọ́n ń yẹ ara wò, wọ́n sì ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Wọ́n dán an wò ní ìpínlẹ̀ Nasarawa àti ní Kenya, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Ní Nasarawa, nǹkan bí 77 nínú 100 obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ ló bímọ sí ilé ìwòsàn. Láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 54 ni.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí méje jọ láti Bangladesh, India, Malawi àti Nepal. Níbi tí ó kéré tán 30 nínú 100 aláboyún ti ń wá sí ìpàdé obìnrin, ikú ìkókó fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, ikú ìyá sì dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa àmì ewu lẹ́nu ojúgbà rẹ̀ ń tètè gbéra, ẹni tí ẹgbẹ́ sì dáwó fún kì í dúró wá owó ọkọ̀. Lójú ìrọbí pàápàá, àkójọ ìwádìí 26 tó jáde ní 2017, lórí obìnrin tó lé ní 15,000, fi hàn pé ẹni tí wọn kò fi sílẹ̀ nìkan ń rọbí fún àkókò tó kúrú díẹ̀, ó sì túbọ̀ ń bímọ láìsí iṣẹ́ abẹ.

Ibi tí ọ̀rẹ́ ti lè ṣini lọ́nà

Ẹnu kan náà tó ń gbani là lè kóni sí ewu. Wọ́n ń júwe àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi àdúrà pé kí ènìyàn bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù dẹ́rù ba ẹni tí dókítà ti ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbà á là. Ní oṣù Kẹrin 2020, LUTH kéde pé obìnrin ọmọ ọdún 68 bí ìbejì níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ìròyìn náà sọ pé ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan kì í rántí pé IVF ló fi lóyún, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé àwọn ọmọ náà jáde.

Àwọn àmì kan wà tí kò sí ọ̀rẹ́ tó gbọ́dọ̀ fi sùúrù wò: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, gìrì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, àti ọmọ tí kò yí nínú mọ́. Ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nípasẹ̀ oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà ní 2023, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ.

Ohun tó wà níkàáwọ́

Èésú àti àjọ ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ pàjáwìrì, pàápàá fún àwọn abúlé Ògùn Waterside tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀ kí wọ́n tó kan títì tó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OOUTH ní Ṣágámù. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ètò adójútòfò ìlera, ó sì yẹ kí ọ̀rẹ́ rán ara wọn létí láti forúkọ sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì náà lè fi ọjọ́ kan náà sí fún àwọn tó ti lé ní 35, kí wọ́n lè rí ojúgbà bá sọ̀rọ̀.

Kí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí má ṣe dúró de ọjọ́ ìkómọ kí wọ́n tó yọjú. Obìnrin tó ń bímọ lẹ́yìn ogójì nílò wọn láti oṣù àkọ́kọ́, ó sì nílò kí ọ̀kan nínú wọn bá a dé ilé ìwòsàn.