Páńẹ́lì Sólà Olówó Pọ́ọ́kú
Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1973. Sílíkọ́nì àti pílásítíìkì.

Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wo ojú àwọn awo roboto wọ̀nyí dáadáa. Wọn kò dán. Ipa ayùn ṣì wà lára wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti gé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé iṣu.

Nígbà yẹn, nǹkan bí 100 dọ́là ni wọ́n ń ta sólà tó lè mú wáàtì kan ṣoṣo wá. Apá sátẹ́láìtì nìkan ló ká a. Elliot Berman, onímọ̀ kẹ́míkà, wá lọ ra sílíkọ́nì tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì ti kọ̀ sílẹ̀ pé kò pójú owó. Kò mú un dán rárá: ara rẹ̀ tó rí ṣágiṣàgi yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà, nítorí náà kò tún náwó ọ̀dà kankan lé e lórí. Lójú tiwa, iṣẹ́ tí kò ṣe yìí ló tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Pílásítíìkì ló fi bo iwájú rẹ̀. Wáàtì kan já wálẹ̀ sí 20 dọ́là.

Àwọn tó ń wa epo lójú òkun, tí wọ́n ti ń ru bátìrì wíwúwo lọ tan iná ìkìlọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á.